Fáírọ́ọ̀sì, Ẹja àti Ọwọ́ Tó Gbé E

Ìgàngàn ní ilẹ̀ Ìbàràpá jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ẹja òkun kì í wọ́n lọ́jà rẹ̀. Kòtè, ṣáwà, Titus àti pánlá ń ti ilẹ̀ òkèèrè gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó nínú yìnyín. Wọ́n ń gba kóòlù-rúùmù Ìbàdàn tàbí ti Abẹ́òkúta kọjá kí wọ́n tó dé inú fírísà àwọn alẹ́ja ní Igbó-Ọrà, Èrúwà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn. Ẹja gbígbẹ ń ti ìhà adágún Kàìnjì wá. Ẹja àrọ̀ ń wá láti inú kòtò tí àwọn ará àdúgbò ti ń sìn ín, epìyà àti ẹja wẹ́wẹ́ sì ń wá láti inú odò bí Ọ̀fíkì. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti edé gbígbẹ, kò sí ìyàwó ilé kan tí kò ní i nílé. Ẹni tó bá ń bèèrè bóyá ẹja lè kó fáírọ́ọ̀sì ran èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ẹja náà láti inú omi títí dé inú àwo, nítorí ewu tó wà ní ibùdókọ̀ kan yàtọ̀ sí ewu tó wà ní èkejì.

Fáírọ́ọ̀sì kéré ju bakitéríà lọ lọ́nà tó pọ̀, kò sì lè dá bí sí i. Inú sẹ́ẹ̀lì ohun abẹ̀mí nìkan ló ti ń pọ̀. Kó tó ráyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì kan, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ojú sẹ́ẹ̀lì náà mu, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe gbọ́dọ̀ bá àgádágodo mu. Sẹ́ẹ̀lì ẹja àti sẹ́ẹ̀lì èèyàn ti pínyà tipẹ́tipẹ́, nítorí náà ohun tó ṣí ti ẹja kì í sábà ṣí ti èèyàn. Ìgbóná ara pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ara èèyàn máa ń gbóná tó 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí ara ẹja ń bá omi tó wà nínú rẹ̀ gbóná tàbí tutù. Fáírọ́ọ̀sì tó ti mọ́ra sínú omi tútù kì í rí ilé nínú ara tó gbóná bẹ́ẹ̀. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí: fáírọ́ọ̀sì kì í pọ̀ sí i lára ẹja tó ti kú. Bakitéríà ló ń pọ̀ níbẹ̀, òun ló ń mú kí ẹja rà. Fáírọ́ọ̀sì kàn lè jókòó sára ẹja náà, kó máa dúró de ẹni tí yóò gbé e sẹ́nu.

Àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́ ilé nípa àrùn tó jẹ́ ti ẹja fúnra rẹ̀ wáyé ní Gánà. Ní 2014 ni àwọn onímọ̀ ní Ísírẹ́lì ṣàpèjúwe fáírọ́ọ̀sì kan tó ń pa epìyà, èyí tí wọ́n ń pè ní Tilapia Lake Virus. Wọ́n tún rí i ní Íjíbítì, Thailand àti ní ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, débi pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, kéde ìkìlọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń sin epìyà. Gánà fòfin de kíkó epìyà wọlé ní 2018. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì kò gba ilé náà là. Kí ọdún yẹn tó parí, epìyà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ rẹpẹtẹ nínú àhámọ́ àwọ̀n tí wọ́n ti ń sìn wọ́n lórí adágún Volta. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú ẹja náà wò, fáírọ́ọ̀sì mìíràn ni wọ́n bá lára wọn, ISKNV, tó ń ba kíndìnrín àti àwọn ẹ̀yà inú ẹja jẹ́. Àdánù ńlá ni fún àwọn tó fi owó wọn sínú omi. Síbẹ̀, kò sí ẹ̀rí pé èyíkéyìí nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì méjèèjì ran èèyàn rí, yálà ẹni tó fọwọ́ kan ẹja náà tàbí ẹni tó jẹ ẹ́.

Èyí kò sọ ẹja tó kú fúnra rẹ̀ di oúnjẹ. Ẹja tó léfòó lójú omi ti ń rà kí ẹnikẹ́ni tó rí i, kò sì sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ ohun tó pa á. Lórí ọ̀pọ̀ odò ilẹ̀ Yorùbá, májèlé Gamalin tí àwọn apẹja kan ń dà sómi ti pa ọ̀pọ̀ ẹja, iná ìdáná kì í sì í pa májèlé.

Òfin pé àrùn ẹja kì í ran èèyàn ní ibi tó ti ń mì díẹ̀. Ní China, wọ́n ṣàpèjúwe fáírọ́ọ̀sì kan ní 2014 lára edé tí wọ́n ń sìn, èyí tó máa ń pa edé náà wọ́ọ́rọ́wọ́ nísàlẹ̀ omi láìjẹ́ kí òkú rẹ̀ léfòó. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ so ó mọ́ àìsàn ojú kan lára àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán tún ẹran omi ṣe àti àwọn tó ń jẹ ẹ́ ní tútù, àìsàn tó ń mú kí ojú wú nínú, kí omi inú rẹ̀ sì máa tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì tuntun, ìwádìí sì ń lọ lórí rẹ̀. Ohun tó wúlò nínú rẹ̀ fún alẹ́ja ni pé ọwọ́ tí ẹ̀gún ẹja tàbí ìkarahun edé ti dá ọgbẹ́ sí, kò yẹ kó máa wọ inú omi ẹja láìfi ìbọ̀wọ́ bò ó. Kí ọwọ́ tó ti kan ẹja má sì kan ojú.

Àrùn Kòrónà ló da ọ̀rọ̀ ẹja àti fáírọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ra lọ́kàn àwọn èèyàn. Ọjà Huanan ní Wuhan, tí ọ̀pọ̀ lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàìsàn ní oṣù kejìlá 2019 ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú, ọjà ẹran omi ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì tì í pa ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2020. Ṣùgbọ́n ẹja nìkan kọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Wọ́n ń ta ẹranko ìgbẹ́ láàyè, àwọn ẹranko tó ní irun, tó ń fún ọmọ lọ́mú, tí ẹ̀dọ̀fóró wọn sì jọ ti èèyàn. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì náà lórí pákó tí wọ́n fi ń gé ẹja salmon ní ọjà Xinfadi ní Beijing. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti kó salmon kúrò lórí àtẹ káàkiri ìlú. Pákó ni wọ́n rí i lé lórí, èèyàn ló sì ń lo pákó náà. Àwọn onímọ̀ àrùn ẹja tí FAO kó jọ sọ lọ́dún yẹn pé fáírọ́ọ̀sì Kòrónà kì í mú ẹja, edé tàbí akàn. Ó lè bá páálí àti ẹja dídì rìn bí ẹni tó ní àrùn náà bá wúkọ́ sí i lára, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rù ni ẹja jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn ará Nàìjíríà ti fi ara wọn dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò ṣáájú. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù keje 2014, tí ó mú èèyàn 20, tí 8 nínú wọn sì kú, ọ̀pọ̀ ló sá fún ẹran ìgbẹ́, tí wọ́n yíjú sí ẹja. Ìmọ̀ràn ìgbà náà kò burú. Ọ̀bọ, àdán àti eku sún mọ́ èèyàn ju ẹja lọ nínú ẹ̀dá, fáírọ́ọ̀sì wọn ló sì mọ ọ̀nà ilé wa.

Fáírọ́ọ̀sì tí ẹran omi ń gbé dé ọ̀dọ̀ èèyàn ní tòótọ́, ti èèyàn ni. Inú ìgbẹ́ èèyàn ló ti ń jáde, ó ń bọ́ sínú omi, ó ń lẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n bá kó nínú omi náà, ó sì ń padà sẹ́nu èèyàn. Méjì ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan ni norovirus, tí orúkọ rẹ̀ wá láti Norwalk ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti da ilé ẹ̀kọ́ kan rú ní 1968. Èkejì ni fáírọ́ọ̀sì àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ A, tó ń mú kí ojú pọ́n bí àtàrí ọsàn, kí ìtọ̀ ṣókùnkùn, kí oúnjẹ sì kọ̀ láti wọ ọ̀fun fún ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan. Àwọn méjèèjì ni ìlànà Codex, ìwé òfin oúnjẹ tí FAO àti àjọ ìlera àgbáyé jọ ń gbé jáde, dojú kọ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì inú oúnjẹ ní 2012.

Àwọn ẹran inú ìkarahun, bí òísítà tó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi etí ọ̀sà ní Èkó àti Badagry, ló burú jù fún èyí. Ibi kan ni wọ́n ń jókòó sí láti kékeré dàgbà. Wọ́n ń fa omi sínú, wọ́n ń sẹ́ oúnjẹ tín-tìn-tín inú rẹ̀ jẹ, wọ́n sì ń tú omi náà dà. Òísítà kan tó ti tójú bọ́ lè sẹ́ omi tó ju 100 lítà lọ lóòjọ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá dá ṣáká. Bí ìgbẹ́ bá wà nínú omi náà, fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ń ṣẹ́ kù sínú ẹran náà, ó sì ń kó jọ síbẹ̀ ju bó ṣe wà nínú omi lọ. Àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà, òórùn rẹ̀ kì í burú.

Ìlú Shanghai ni wọ́n ti rí bí èyí ṣe lè burú tó. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta 1988, nǹkan bí 300,000 èèyàn ló ní àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ A ní ìlú náà. Ẹran ìkarahun tí wọ́n kó láti Qidong, létí òkun níbi tí ìgbẹ́ ti wọ omi, ni wọ́n jẹ. Àwọn ará Shanghai kò jẹ ẹ́ ní tútù pátápátá. Wọ́n da omi gbígbóná lé e lórí títí ìkarahun fi là, wọ́n sì rò pé ó ti jinná. Àárín ẹran náà kò gbóná tó. Ìlànà Codex ní kí inú ẹran náà gbóná tó 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ kí ọkàn tó balẹ̀. Ọmọ Ìbàràpá tó bá wà ní London, tí wọ́n gbé òísítà tútù pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀ nílé ijẹun, lè rántí Shanghai kó tó gbé e mì. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í pa fáírọ́ọ̀sì.

Ní Ìgàngàn, àwọn tó ń jẹ òísítà kò pọ̀, ẹja sì kì í sẹ́ omi bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún dára jù ni pé ìdáná ilẹ̀ Yorùbá kì í fi ẹja tútù ṣeré. Ẹja inú ọbẹ̀ tó hó dáadáa, tàbí èyí tó dín gbẹ nínú òróró gbígbóná, ti bọ́ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì tó bá wà lára rẹ̀. Wàhálà ń bẹ lẹ́yìn iná. Ẹja díndín tí wọ́n to sórí àwo lẹ́bàá ọ̀nà ti jinná tán, kò sì ní padà sórí iná mọ́ kí ẹnìkan tó jẹ ẹ́. Ọwọ́ tó bá kàn án nígbà náà ló kàn án kẹ́yìn. Bí ìyá kan bá tún ìdí ọmọ ṣe, tó fi omi ṣan ọwọ́ fẹ́rẹ́, tó sì padà wá yan ẹja fún oníbàárà, norovirus inú ìgbẹ́ ọmọ náà ti rí ọkọ̀ wọ̀, èyí tó kéré gan-an nínú rẹ̀ sì tó láti dá àgbà wólẹ̀. Ọtí ìfọwọ́ tí gbogbo èèyàn rà nígbà Kòrónà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ló ń ṣí i kúrò lọ́wọ́. Ọ̀bẹ àti pákó tí wọ́n fi gé ẹja tútù, tí wọ́n tún fi rẹ́ tòmátì àti àlùbọ́sà tí kò ní rí iná, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Omi pẹ̀lú wà níbẹ̀, Ìbàràpá kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ omi. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn ti fìdí ètò ìlera rẹ̀ múlẹ̀ ní Igbó-Ọrà láti 1963, Ìdèrè tó wà nítòsí sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí àrùn sobìyà, tí omi adágún ń kó ran àwọn àgbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi aṣọ sẹ́ omi, tí wọ́n gbẹ́ kànga, tí ẹni tí sobìyà yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò wọ inú omi mímu mọ́, ni àrùn náà tó lọ. Oṣù kọkànlá 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé sì kéde pé orílẹ̀-èdè náà ti bọ́. Ní Chad, níbi tí sobìyà kò tíì tán, ẹja ti wọ ọ̀rọ̀ náà: ajá ń kó o, wọ́n sì ń gba àwọn apẹja nímọ̀ràn pé kí wọ́n ri ìfun ẹja mọ́lẹ̀ kí ajá má baà jẹ ẹ́, kí èèyàn sì se ẹja rẹ̀ jinná. Aràn ni sobìyà, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ọ̀nà omi kan náà ni wọ́n ń gbà. Omi kànga tó wà nítòsí ṣáláńgá, tí wọ́n fi ṣan ẹja tó ti jinná tàbí tí wọ́n fi ṣe yìnyín tí wọ́n dà lé ẹja, lè gbé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ A wá. Lọ́jọ́ 20 oṣù kọkànlá 2019, Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, buwọ́ lu àṣẹ láti fòpin sí yíyàgbẹ́ ní gbangba kí 2025 tó pé. Ọdún náà pé, àwọn tó ń lọ sẹ́yìnkùlé ṣì wà.

Àwọn kan gbà pé yìnyín ń pa gbogbo kòkòrò. Yìnyín ń dá bakitéríà dúró, ó ń pa àwọn aràn kan bó bá tutù tó, tó sì pẹ́ tó, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń tọ́jú fáírọ́ọ̀sì pa mọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹja dídì nígbà tí iná bá lọ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì yẹ ká sọ ọ́ nítorí àwọn èèyàn máa ń dárúkọ fáírọ́ọ̀sì sí i. Titus, kòtè àti ṣáwà ní èròjà kan nínú ẹran wọn tí bakitéríà ń sọ di histamine bí wọ́n bá yọ́, tí wọ́n sì gbóná fún wákàtí díẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè rí i kí wákàtí kan tó pé pé ojú òun gbóná, ara ń yún òun, orí ń fọ́ òun. Kì í ran ẹlòmíràn, ó sì sábà máa ń lọ lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n sísè kò lè mú un kúrò, bẹ́ẹ̀ ni dídì padà kò lè mú un kúrò. Páálí tí omi ti ṣàn láti inú rẹ̀, tí ó tún dì padà bí òkúta kan ṣoṣo, ti jẹ́rìí ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ewu fáírọ́ọ̀sì tó burú jù lára ẹja ní ilẹ̀ wa wà lórí ẹja gbígbẹ, eku ló sì ń gbé e wá. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, ń gbé nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku kan tó ní ọmú púpọ̀, tó fẹ́ràn ilé àti àká. Ìpínlẹ̀ Ondo àti Edo ló ń jìyà rẹ̀ jù ní gúúsù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì ń le jù. Ní Ìbàràpá, ìgbà yẹn náà ni láfún ń gbẹ lórí àpáta àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí ẹja gbígbẹ àti edé sì ń sùn lójú àtẹ ọjà di àárọ̀. Sísè ń pa fáírọ́ọ̀sì Lassa. Ẹni tó ń wu ewu ni ẹni tó ń ṣa ẹja náà, tó ń gbọn ún, tó ń fọ̀ ọ́, àti ẹni tó gún edé tí kò rí iná, tó wọ́n ọn sórí oúnjẹ. Agbọ̀n kò lè dá eku dúró. Garawa oníke tó ní ìdérí tó le, tàbí agolo ńlá, ló ń dá a dúró. Àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò Sniper sára ẹja gbígbẹ nítorí kòkòrò tó ń jẹ ẹ́. Májèlé ni wọ́n ń tà fún oníbàárà.

Kòtò ẹja àrọ̀ ló kù. Àwọn kan ń kọ́ ilé adìyẹ lórí kòtò kí ìgbẹ́ adìyẹ lè máa bọ́ sómi, àwọn mìíràn ń fi òkú adìyẹ àti ìfun rẹ̀ bọ́ àrọ̀. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ H5N1, ní oṣù kejì 2006, obìnrin kan sì ti ipa rẹ̀ kú ní Èkó ní oṣù kìíní 2007. Àrùn náà kì í mú àrọ̀. Ẹni tó gbé òkú adìyẹ náà lọ́wọ́, tó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tó sì dà á sómi, ló fojú kojú rẹ̀. Òkú adìyẹ tí àrùn pa yẹ fún kòtò jíjìn tí wọ́n da eérú tàbí ẹfun sí, tàbí iná.

Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì bá mú lẹ́yìn oúnjẹ nílò omi oníyọ̀ àti ṣúgà kíákíá, pàápàá ọmọdé àti arúgbó, kó sì yàgò fún ìdáná títí tí yóò fi lo ọjọ́ méjì láìní i mọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, kò gbọ́dọ̀ fi àgbo nìkan dúró. Ẹni tí ibà mú, tí oògùn ibà kò ràn, tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn, nílò láti lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́gán, kó sì sọ fún nọ́ọ̀sì bí eku bá wà nínú ilé tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí oògùn Lassa ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.